Nọ́ọ̀tì Mẹ́rìnlélógún Tí Onofre Dì Kẹ́yìn

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ, Onofre ọmọ mi. Ọdún mẹ́rin rèé tí àwọn tí ẹ jọ ń tún ọ̀nà ṣe wá kan ilẹ̀kùn wa lọ́sàn-án gangan, tí wọ́n bọ́ fìlà, tí kò sẹ́ni tó fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nínú wọn. Wọ́n ní o jókòó sẹ́bàá ọ̀nà láti jẹun, o ṣí abọ́ rẹ, o ò sì dìde mọ́. Ọjọ́ Túsìdé ni. Ẹ̀wà àti ata tútù sísun ni Delfina ìyàwó rẹ dì fún ọ. O ò jẹ tó ìdajì.

Ọmọ ló yẹ kó sin ìyá. Èmi ni mo sin ọ́. Mo sọ ìyẹn fún Ọlọ́run lẹ́ẹ̀kan, mi ò tún un sọ mọ́.

Lọ́dọọdún, Delfina ló máa ń kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ tí Fáàdá ń kà lẹ́yìn Mísà rẹ. Lọ́dún yìí ó ní òun ò rí ọ̀rọ̀ kọ. Mo ní kí wọ́n fún mi ní bébà. Kíláàsì mẹ́ta péré ni mo kà, ìwọ náà mọ̀, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa yìí, ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá rí lẹ́tà tó wọ́, kó tọ́ ọ sọ́nà bó ṣe ń kà á.

A ti parí yàrá tí o bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ilé. Eliseo àbúrò rẹ ló kan òrùlé rẹ̀. Ilẹ̀kùn rẹ̀ kì í tì dáadáa. Ajá rẹ kú lọ́dún kejì. Àgùntàn ku mẹ́jọ. Igi ápù ẹ̀bá ojú omi so lọ́dún yìí títí ẹ̀ka rẹ̀ kan fi ya. A jẹ, a sè é, a pín in fún gbogbo ìlú La Jarosa. Ó dùn, àwọn èèyàn ní ó dùn.

Marisela ọmọ rẹ ti pé ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Ó gba iṣẹ́ sí ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó nílùú, níbi tó ti ń wẹ àwọn tí wọn ò lè wẹ ara wọn mọ́. Ó ní ọwọ́ pẹ̀lẹ́. Ọ̀dọ̀ rẹ ló ti rí i, kì í ṣe ọ̀dọ̀ mi.

Píkọ́ọ̀pù rẹ ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù náà ni mo fẹ́ sọ fún ọ, nítorí pé òun ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dún yìí. Kò sí òmíràn.

O rántí Sátidé tó ṣáájú Túsìdé yẹn. Ẹ ti kó ẹrù igi ìdáná tó kẹ́yìn bọ̀ láti orí òkè, o sì pààrọ̀ ipò táyà bí o ṣe máa ń ṣe, bí bàbá rẹ ṣe máa ń ṣe kó tó kan ọ́. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni: nígbà tí gbogbo ìlú bá kó ẹrọ̀fọ̀ kúrò lójú omi tó ń wọ oko wa tán lóṣù kẹrin, àti nígbà tí igi ìdáná bá pé lóṣù kẹwàá. Ti iwájú á lọ sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn á bọ́ síwájú. Mo wà ní ilé ìdáná, mo ń gbọ́ ọ. Tí o bá ti fọwọ́ di nọ́ọ̀tì kan, wàá tún gun orí sípánà, wàá fò lé e lẹ́ẹ̀mẹta. Kò-kò-kò. Nọ́ọ̀tì mẹ́fà lórí táyà kọ̀ọ̀kan. Mẹ́rìnlélógún.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tú ọ̀kankan nínú wọn. Delfina kò gbà.

Má bínú sí i. Gbogbo nǹkan rẹ yòókù ni wọ́n ti tú mọ́ ọn lọ́wọ́. Àwọn obìnrin ìjọ wá ràn án lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ ìsìnkú, wọ́n sì fọ gbogbo aṣọ rẹ, wọ́n lọ̀ ọ́, wọ́n ká a sínú àpótí. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Nígbà tí Delfina máa fi dé inú yàrá, kò sí ẹyọ kan tó ṣì ní òórùn rẹ. Àwọn tó gbẹ́ sàréè rẹ wọ inú àká, wọ́n mú irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìdílé wa ti máa ń fún wọn. Eliseo mú ayùn. Quilino tó ń gbé lápá ìsàlẹ̀ mú jáàkì rẹ, ó sì gbé e lọ sí Kolorádò nígbà tó kó lọ bá ọmọ rẹ̀. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ilẹ̀ ọjọ́ yẹn le bí òkúta, ó sì gbẹ́ ju gbogbo wọn lọ.

Nọ́ọ̀tì mẹ́rìnlélógún ló ṣẹ́ kù tó wà bí ọwọ́ rẹ ṣe fi í sílẹ̀. Delfina mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó máa ń fọ ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀. Mo ti rí i tó nu orí nọ́ọ̀tì wọ̀nyẹn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan bí ìgbà tí èèyàn ń nu ojú ọmọ.

Kò pa ẹnikẹ́ni lára fún ohun tó lé ní ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì àti igi ìdáná nìkan ni ọkọ̀ náà ń lọ. Lóṣù kẹjọ ọdún yìí ni mọ́tò kékeré Marisela kú pátápátá, ọmọ náà sì bọ́ sínú píkọ́ọ̀pù rẹ. Lójoojúmọ́ ló ń gba inú àfonífojì lọ sílùú, ó ń gba ibẹ̀ bọ̀. O mọ ọ̀nà yẹn ju èmi lọ, ìwọ lo ń dí ihò rẹ̀. Òkè gíga lápá kan, odò lápá kejì.

Ọ̀sẹ̀ kẹta kò tíì pé tó fi pe ìyá rẹ̀ síta.

“Mọ́mì, ẹ wá fọwọ́ kan táyà iwájú yìí. Ẹ fọwọ́ kan etí rẹ̀.”

“Mo rí i.”

“Ó ń jẹ lápá kan. Ti ẹ̀yìn ṣì dáa. Tá a bá pààrọ̀ ipò wọn báyìí, gbogbo wọn á gbé wa la yìnyín já. Ṣé kí n gbé e fún àwọn onítáyà nílùú lọ́la?”

“Kí àjèjì wá fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tú nọ́ọ̀tì bàbá rẹ?”

“Nọ́ọ̀tì ni, Mọ́mì.”

“Ilé la ti ń ṣe é. Ilé la ti máa ṣe é.”

“Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ṣe é nílé.”

“A ò ní jáàkì.”

Marisela rẹ́rìn-ín, ó rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. “Ẹ jẹ́ ká ra jáàkì, ṣebí?”

“A máa rà á,” ni Delfina wí. “Àmọ́ kì í ṣe jáàkì kan ṣáá la máa rà.”

Wàá ní jáàkì kékeré tó bá ọkọ̀ wá ńkọ́. Ó ṣì wà lẹ́yìn àga, ó ti dípẹta. Ìwọ fúnra rẹ lo máa ń sọ pé ẹni tí táyà rẹ̀ bẹ́ lójú ọ̀nà, tó ń gbàdúrà, òun ni wọ́n ṣe nǹkan yẹn fún. Delfina rán wa létí ọ̀rọ̀ yẹn. Òótọ́ ni.

Wọ́n lọ sí ṣọ́ọ̀bù irinṣẹ́ ńlá tó wà nílùú. Wọ́n mú mi dání nítorí pé mo ní mo fẹ́ ra òwú. Jáàkì onítáyà kékeré kan wà níbẹ̀, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀pá gígùn tì káàkiri ilẹ̀, ó ń dán, ó fúyẹ́, Marisela fi ọwọ́ kan gbé e. Inú ọmọ náà dùn.

Ọkùnrin tó ń tajà ní, “Màdáámù, èyí làwọn tó ń fi ọkọ̀ díje ń lò.”

“Ṣé mo jọ ẹni tó ń díje?”

Delfina fa okùn yọ nínú àpò. Ó ti wọn abẹ́ ọkọ̀ rẹ kó tó kúrò nílé, ó ta kókó sí ibi tí irin abẹ́ rẹ̀ wà, ó tún ta òmíràn sí ibi tí ó gbọ́dọ̀ dé kí táyà tó kúrò nílẹ̀. Ó fa jáàkì náà sókè títí kò fi lè lọ mọ́, ó wá na okùn tì í. Ó fi ìbú ọwọ́ kan dín.

“Ọkọ̀ kúkúrú ni wọ́n ṣe é fún,” ni ọkùnrin náà wí. “Ẹ kàn fi ègé pákó kan lé e lórí.”

“Ẹni tó bá fi pákó lé jáàkì lórí, òun ni kó lọ dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.”

A padà sílé. Mo ra òwú mi.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, òmíràn. Irin ni gbogbo èyí, tọ́ọ̀nù mẹ́ta, ó ga dáadáa, ó kọjá kókó kejì lára okùn. Marisela ń wo ojú ìyá rẹ̀. Delfina yí i po lẹ́ẹ̀mejì.

“Níbo lẹ rò pé a ti máa lò ó?” ló bi ọkùnrin náà.

“Nínú gáréèjì yín, lórí kọnkéré.”

“Àgbàlá lásán la ní. Iyanrìn ni. Ẹ wo ẹsẹ̀ tó fi ń yí.”

Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tóbi ju owó dọ́là onírin lọ lóòótọ́. Delfina wá ṣàlàyé fún ọkùnrin tó ń ta jáàkì bí jáàkì ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí jáàkì bẹ́ẹ̀ bá ń gbé nǹkan sókè, ó gbọ́dọ̀ máa yí díẹ̀díẹ̀ wọ abẹ́ ọkọ̀. Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá rì, tí kò lè yí, ọkọ̀ ni yóò fà wá sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì sókè.

Marisela ní, “A lè tẹ́ pákó pẹlẹbẹ sílẹ̀ fún un.”

“Ó wúwo tó àpò ìyẹ̀fun ńlá méjì. Ta ló máa gbé e wọ inú àká nígbà òjò? Màmá àgbà rẹ?”

Mo ní màá gbé e. Delfina ti ń ká okùn rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, Eliseo ló gbé e wá láti ọjà àlòkù. Ó gbé e kalẹ̀ síwájú ilé bí ẹni pé àgbọ̀nrín ló pa bọ̀.

“Ìyàwó wa, ó parí. Ó ga, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi, n ò sì rà á ní owó gidi. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́.”

Delfina tì í sábẹ́ ọmọlanke igi ìdáná, ó gbé e sókè, ó wọlé lọ po ìyẹ̀fun. Nígbà tó jáde, ó na ìka sí àlàfo tó wà lábẹ́ táyà. Ọmọlanke ti fi ìka méjì wálẹ̀.

“Jáàkì rẹ ń sùn, Eliseo.”

“Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ọ̀nà tó rìn jìn.”

“Ọkọ̀ tó wà lórí rẹ̀ náà á sùn. Gbé e padà fún ẹni tó tà á fún ọ, kó bá ọ kọrin fún un.”

Àwa náà rẹ́rìn-ín. Ìròyìn kàn káàkiri. Àwọn ará ìsàlẹ̀ tó fẹ́ ra jáàkì bẹ̀rẹ̀ sí í yà lọ́dọ̀ ìyàwó rẹ kí wọ́n tó lọ sọ́jà. Á bi wọ́n léèrè bí ọkọ̀ wọn ṣe wúwo tó, á bi wọ́n bóyá ilẹ̀ wọn rọ̀. Kò sí ẹni tó ṣì lọ́nà nínú àwọn tó gbọ́ tirẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kó nira nìyẹn, Onofre. Gbogbo àbùkù tó rí lára jáàkì wọ̀nyẹn, òótọ́ ni. Kò parọ́ rí. Táyà náà sì ń jẹ lọ.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Mo bi í lọ́jọ́ kan tá a jọ ń ṣa ẹ̀wà lórí tábìlì. Mi ò wo ojú rẹ̀. Mo ní, “Delfina, jáàkì wo gan-an lò ń wá?”

Ó ṣa ẹ̀wà títí. Ó wá ní, “Màmá, tí mo bá tú u, kí ló kù?”

Mi ò mọ ohun tó kù. Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ ọwọ́ rẹ wọ̀nyẹn, ìgbà tí wọn ò tíì tóbi ju ewé ápù lọ, mi ò sì mọ ohun tó kù. Mo ní, “Ọmọbìnrin náà kù.” Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun mọ̀ kí n tó sọ ọ́. Ó ṣa òkúta kékeré kan, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a sì ń ṣa ẹ̀wà lọ.

Sátidé kejì oṣù kẹwàá, a tún lọ. Wọ́n ti gbé tuntun dé sí ṣọ́ọ̀bù náà. Tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Ó ga ju kókó okùn lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ̀, ó nípọn, wọ́n ṣe é fún ilẹ̀ lásán. Ọ̀pá rẹ̀ ṣeé bọ́ sí méjì, Marisela sì gbé e láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ yí padà. Delfina gbé e sókè lábẹ́ pákó tí wọ́n to ẹrù wúwo lé, ó ní ká lọ wo apá ibi tí wọ́n ń ta ọ̀dà. A lọ, a dé. Kò wálẹ̀ rárá.

Ó dúró tì í. Ọkùnrin náà dúró. Ó ti mọ̀ wá báyìí, ó ti gbé àpótí kan wá fún mi láti jókòó.

Marisela ní, “Mọ́mì, kí ni àbùkù tèyí?”

“Àwọ̀ rẹ̀,” ló wí.

Pupa ni. Kò sí nǹkan tó ṣe àwọ̀ náà.

Marisela kò pariwo. Kò jọ ọ́ nínú ìyẹn, o máa ń pariwo. Ó kàn ní, “Ó dáa, Mọ́mì,” ó sì lọ dúró ti ọkọ̀.

Ní Mọ́ńdè, òjò tútù rọ̀ láàárọ̀, ó fẹ́ẹ̀ẹ́ di yìnyín. Nírọ̀lẹ́, Marisela wọlé, ó bọ́ bàtà, ó jókòó sídìí ọbẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ọkọ̀ yẹn fi mí jó díẹ̀ lónìí. Níbi kọ́nà tí àgbélébùú wà.”

Ṣíbí wà lọ́wọ́ Delfina. “Díẹ̀ báwo?”

“Díẹ̀ ni, Mọ́mì. Bíi gígùn tábìlì yìí. Mo yí ọwọ́, kò yí. Ó wá pàpà yí.”

“Apá wo ló yọ̀ sí?”

“Apá òkè.”

“Tó bá jẹ́ apá kejì ńkọ́?”

Ọmọ náà ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó wo inú abọ́ rẹ̀. Odò ló wà ní apá kejì.

Delfina fi ṣíbí sílẹ̀. Ó mú kóòtù. Ó ní, “Aago mẹ́fà ni wọ́n ń ti ṣọ́ọ̀bù,” ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ọmọ, ó sì jáde. A gbọ́ ọkọ̀ rẹ tó ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí a ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọbẹ̀ tutù. Nígbà tó dé, jáàkì pupa náà wà lẹ́yìn ọkọ̀, pẹ̀lú ẹsẹ̀ irin méjì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ dúró, nítorí èèyàn kì í gbára lé jáàkì nìkan.

Ó ní ọkùnrin náà bi òun pé, “Àwọ̀ rẹ̀ wá tẹ́ yín lọ́rùn, Màdáámù?” Ó ní òun dá a lóhùn pé, “Gbé e sínú ọkọ̀.”

Ní Sátidé, oòrùn mú. Wọ́n gbé ọkọ̀ sí ibi tó tẹ́jú láàárín ilé àti igi ìdáná. Marisela fi òkúta há àwọn táyà. Pákó pẹlẹbẹ tó ṣẹ́ kù lára òrùlé yàrá rẹ ni wọ́n tẹ́ fún jáàkì. Eliseo wá pẹ̀lú kọfí. Wọ́n gbé àga síta fún mi.

Kí ọkọ̀ tó kúrò nílẹ̀ ni wọ́n ti ń dẹ nọ́ọ̀tì, o mọ̀, kí táyà má bàa máa yí. Marisela mú sípánà.

“Èmi ni,” ni Delfina wí.

Ó fi sípánà bọ èyí àkọ́kọ́, ó tẹ̀ ẹ́. Kò mira. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò mira. Ó gun orí rẹ̀, ó fò lé e bí o ṣe máa ń ṣe. Obìnrin kékeré ni, ó dà bí ìgbà tí ẹyẹ bà lórí ẹ̀ka.

Eliseo ní, “Ìyàwó wa, mo ní ẹ̀rọ kan nínú ọkọ̀ mi.”

“Jókòó, Eliseo.”

“Mo ti jókòó. Mo kàn ń sọ ni. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ò ṣe bí èèyàn. Ta ló ń di nǹkan báyìí? Ta ló rò pé ó máa jí táyà náà gbé, bíṣọ́ọ̀bù?”

Marisela bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Delfina náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí wa, èjìká rẹ̀ la rí. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bú ọ nínú ilé yìí.

Ó lọ sínú àká, ó mú páìpù gígùn kan wá, ó kì í bọ ẹnu sípánà kí ó lè gùn. Ó ní, “Màmá, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n di èjìká yín mú.” Mo dìde. Ó gun páìpù, ó di èjìká mi mú, mo dúró bí òpó. Ó tẹ̀ ẹ́. Nǹkan kan dún, pà, bí ìgbà tí egungun adìẹ ṣẹ́, páìpù sì lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ wẹ́rẹ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀. Ó ń wo nọ́ọ̀tì náà. Gbogbo wa ń wò ó. Èmi náà ń dúró kí nǹkan kan ṣẹlẹ̀ nínú mi. Mo ti ń retí rẹ̀ fún ọdún mẹ́rin. Adìẹ kan kọjá.

Delfina ní, “Ó ku mẹ́tàlélógún.”

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tú gbogbo rẹ̀. Jáàkì náà gbé ọkọ̀ sókè láìkanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yí lórí pákó bó ṣe yẹ, Eliseo ò rí ohun kan sọ sí i. Táyà apá ọ̀tún ẹ̀yìn ti lẹ̀ mọ́ irin nítorí ìpẹta, Marisela ta á nípàá títí ó fi já. Ti iwájú lọ sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn bọ́ síwájú. Oòrùn kò tíì dé àtàrí nígbà tí wọ́n ṣe tán.

Delfina ló dì wọ́n padà, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń di ọ̀kan, á fo ọ̀kan, á di èyí tó dojú kọ ọ́, bí o ṣe kọ́ ọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìwọ máa ń fò lé e. Ẹ̀ẹ̀mẹfà lòun fò, torí kò wúwo.

“Mọ́mì, ó ti tó. Ẹ máa já a.”

“Jẹ́ kó já.”

Kò já.

Lẹ́yìn náà a jẹun. Marisela bi í pé, “Ṣé ara yín dá?” Ó ní, “Kò ṣe mí nǹkan kan. Mo rò pé ilẹ̀ á là. Mo tú u, irin ni.” Ó gé búrẹ́dì. Ó ní, “Irin ni gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.” Ó wá fọ ọwọ́ rẹ̀ títí, dúdú yẹn kò tán lábẹ́ èékánná rẹ̀ títí di Mísà ọjọ́ kejì. Mo rí i nígbà tó na ọwọ́ gba ara Olúwa.

Wọ́n ní tí èèyàn bá pààrọ̀ ipò táyà, kó rìn díẹ̀ kó sì tún nọ́ọ̀tì yẹ̀ wò. Ní Mọ́ńdè tí Marisela ti ibi iṣẹ́ dé, kò tíì pa iná ọkọ̀ tí ìyá rẹ̀ fi wà ní ìdí táyà pẹ̀lú sípánà. Ó yẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlélógún wò. Kò sí èyí tó dẹ̀. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò ní Túsìdé. Ó tún yẹ̀ ẹ́ wò lánàá.

“Mọ́mì, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ní.”

“Wọlé lọ jẹun.”

Mo máa ń wò ó láti ojú fèrèsé. Nígbà tó ń nu nọ́ọ̀tì rẹ, kò sẹ́ni tó lè bá a sọ̀rọ̀. Báyìí, ó ń tẹ sípánà, ó sì ń bi ọmọ náà láti ìta bóyá ọ̀nà tutù, bóyá ó jẹun ọ̀sán, ta ni arúgbó tó bú u lónìí. Ọmọ náà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, á máa dá a lóhùn. Wọn kì í sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ rẹ kò sí lórí wọn mọ́, Onofre. Mo fẹ́ kó jẹ́ pé ẹnu wa lo ti gbọ́ ọ. A tú ohun tí o dì. A ò tíì sọkún, mi ò lè parọ́ fún ọ. Bóyá ó ń bọ̀, bóyá kò bọ̀. Àárò rẹ kò dín. Ó wà nínú ilé bí òtútù ṣe ń wà nínú ògiri, a ń dáná, a ń jókòó tì í.

Ọdún mẹ́rin rèé tí o lọ. Ìyá rẹ fẹ́ràn rẹ. Delfina fẹ́ràn rẹ. Eliseo fẹ́ràn rẹ, kò kàn ní sọ ọ́ ni. Marisela fẹ́ràn rẹ, ó sì ń wa ọkọ̀ rẹ.

Yìnyín àkọ́kọ́ já bọ́ lánàá, láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Marisela lọ síbi iṣẹ́ nínú rẹ̀. Ó ti délé.